Ìrẹsì Ń Hó Níta, Ìyá Ń Kú Lọ Nínú Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Bakhtawara ni wọ́n ṣe níkà, ìyá àgbàlagbà kan lábúlé wa ní agbègbè olókè tí wọ́n ń pè ní Dir, lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀, nínú oṣù kejì ọdún tó kọjá. Àìrí oúnjẹ jẹ ló pa á. Odindi màlúù méjì sì wà nínú ìkòkò lójúde rẹ̀.

1.

Òkúta já lu Tajmir, ọmọ Bakhtawara, lójú ọ̀nà orí òkè, ó sì kú. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í dáná nílé ọ̀fọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn aládùúgbò ló máa ń gbé oúnjẹ wá. Ìdí nìyẹn tí Shandana, aládùúgbò tí ògiri ilé rẹ̀ kan ti ilé ọ̀fọ̀ náà, fi gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì gbígbóná dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mirwali, ẹ̀gbọ́n olóògbé, na ọwọ́ dínà lẹ́nu géètì.

"Shandana, gbé ìkòkò ẹ padà o. Ọkọ ẹ ò tíì jẹun."

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọlọ́fọ̀ ni mo gbé e wá fún. Ìyá yín wà nínú ilé."

"Mo ti gba alásè láti ìlú. Ipò ìgbìmọ̀ abúlé ni mò ń dù. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹ̀wà ilé onílé ni mo fi sin àbúrò mi ni?"

"Ẹ̀wà mi ò lè dìbò, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Mirwali búra lójú gbogbo wọn pé ìkòkò ẹnikẹ́ni ò ní wọ ilé náà, wọ́n sì kéde ẹ̀ ká abúlé.

2.

Zarghuna, opó Tajmir, wà ní yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Opó kì í jáde. Ìtọ̀ ṣúgà ń bá Ìyá fínra, Zarghuna ló sì máa ń gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀. Tó bá ti gún un, Ìyá gbọ́dọ̀ jẹun kíákíá kí ṣúgà ara rẹ̀ má bàa lọ sílẹ̀ jù. Ó pe Mirwali láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé oúnjẹ ti súnmọ́lé? Mi ò lè gún Ìyá lábẹ́rẹ́ pẹ̀lú ikùn òfìfo."

"Gún wọn jàre. Kí o tó kó abẹ́rẹ́ ẹ pamọ́, ìrẹsì á ti dé."

Ó gbà á gbọ́. Ó gún un.

3.

Ìrẹsì jinná. Wọ́n gbé e síwájú àwọn àgbà abúlé, wọ́n gbé e fún àwọn àlejò tó wá láti ìlú, wọ́n tún bù kún ti àwọn àgbà. Nínú ilé, àwọn obìnrin ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rọ̀ mọ́ Zarghuna lọ́rùn, wọ́n ń sunkún. Nígbà tó rójú wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó rí i pé òógùn ti bo ojú rẹ̀, nínú òtútù yẹn.

"Ìyá, kí ló dé?"

"Ṣé Tajmir ti jẹun?" ni Ìyá béèrè.

Zarghuna fò dé ìdí agolo ṣúgà. Òfìfo. Wọ́n ti kó gbogbo ṣúgà ilé lọ fi po tíì àlejò. Ó rán Gulalai, àbúrò rẹ̀, jáde. Gulalai pa dà dé lọ́wọ́ òfo: "Wọ́n ní ká ní sùúrù, àlejò ló ṣáájú." Ó tún rán an. Ó bẹ gbogbo obìnrin tó jókòó síbẹ̀. Ta ló mú nǹkan kan wá, nígbà tí Mirwali ti ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú nǹkan wá?

Ó wá gba ìdí ògiri lọ, ó figbe ta: "Shandana! Ṣúgà! Ṣúgà lásán ni o!"

Shandana sáré wọlé tòun ti ṣúgà lọ́wọ́, láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹnu Ìyá ti dì pa. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tó lè gba inú yìnyín dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

4.

Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Alásè tún gbé ìkòkò kaná. Àwọn èèyàn jẹ, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní Mirwali gbìyànjú. Ìyá tó bí i ló fi wá ìyìn yẹn. Zarghuna kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọwọ́ tó fi gún Ìyá lábẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra. Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ládùúgbò yín, ẹ má jókòó síwájú àwo kankan kí ẹ tó béèrè bóyá àwọn tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ti jẹun. Ẹ béèrè ẹni tó ń lo oògùn. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé oúnjẹ yín padà nítorí orúkọ tirẹ̀, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Ẹ gbé e wọlé.

Lọ́jọ́ ogójì ikú Ìyá, nígbà tí gbogbo abúlé péjọ, Zarghuna dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì gbé ohùn sókè:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn. Ta ló lé oúnjẹ Ìyá padà lẹ́nu géètì?"

Mirwali ń fi kẹ́tùrù da omi sọ́wọ́ àwọn àlejò kí wọ́n lè fọ̀ ọ́. Ó gbé kẹ́tùrù náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.