Ìbíyẹmí Dógò Tì Wọ́n Lẹ́nu Ọ̀nà

Láràárọ̀ ni ilẹ̀kùn Ilé Àṣírí Ìjọba máa ń fi oríkì kí Ìbíyẹmí, bó bá ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. "Àwẹ̀ró, ẹ káàárọ̀, ẹ wọlé." Lónìí, kò kí i.

"Ìwọ Ìbíyẹmí, o ti jẹ gbèsè. Onígbèsè lè ta àṣírí ìlú. Padà sílé."

Inú bí Ìbíyẹmí. "Èmi tí mo ti ń pa àṣírí yín mọ́ láti ìgbà omidan mi? Owó iṣẹ́ abẹ ìyá mi ni mo yá, torí pé ẹ ò sanwó oṣù fún wa láti ìgbà ọyẹ́! Ta ló wá jẹ gbèsè?"

"Gbèsè ìjọba kò sí nínú ohun tí wọ́n ní kí n máa wò."

Akínṣọlá, ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, bẹ̀ ẹ́. "Ẹ má bínú, màmá. Ẹ̀rọ ni, kò mọ ohun tó ń sọ."

"Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ mọ̀ dáadáa!"

Ilẹ̀kùn ṣí fún ọ̀gá kan. Kó tó padé, Ìbíyẹmí tẹ́ ìborùn rẹ̀ sáàárín ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ilẹ̀kùn ń han gooro, kò lè padé, kò sì lè yẹ ẹlòmíràn wò. Àwọn òṣìṣẹ́ tò síta.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?" Akínṣọlá bi í.

"Mo dógò tì wọ́n ni. Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá jẹ lówó á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde àfi tí wọ́n bá san án."

Akínṣọlá wo ilẹ̀kùn, ó wo àwọn tó tò síta. Ó bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ sún díẹ̀ fún mi."