Ìtàn Ìbídùn fún Àwọn Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ gbọ́ bó ti rí fún Ìbídùn ará Ìgbájọ. Kò sí ohun tó wu ọ̀dọ́bìnrin yìí bíi kó di òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ fún àwọn ọmọdé. Ó mọ gègé lò, ṣùgbọ́n ó jọ ara rẹ̀ lójú. Kì í ka ìwé ẹlòmíràn, kì í sì í bi ọmọdé léèrè ohun tó dùn mọ́ ọn. A máa ní, "Kí lọmọdé mọ̀ nípa ìwé?"

Nígbà tó parí ìtàn rẹ̀, ó gbé e tọ Bàbá Akínlabí lọ, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń tẹ ìwé ní Òṣogbo. Bàbá ní, "Kọ́kọ́ kà á fáwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ná. Bó bá dùn mọ́ wọn, màá tẹ̀ ẹ́."

Ìbídùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìgbájọ, ó gbẹ́nu lé ìwé kíkà. Kò pẹ́ táwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yán, àwọn mìíràn sùn lọ fọnfọn. Inú bí i. "Kí ló ṣe yín gan-an?"

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adétóún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, àǹtí. Ọmọ inú ìtàn yín kì í ṣàṣìṣe, kì í bẹ̀rù, kì í ṣeré. Gbogbo ayé ló ń gbà nímọ̀ràn. A ò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbídùn wọ egungun. Ẹkún ló sun délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó yá ìwé ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ó ń kà wọ́n títí iṣu fi jóná lórí iná. Ó bi Adétóún àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín àtohun tó ń já wọn láyà. Ó wá tún ìtàn náà kọ: ọmọ inú rẹ̀ fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀, ó purọ́, ó sì sá lọ sínú igbó.

Lọ́jọ́ tó padà lọ kà á, kò sẹ́ni tó yán, kò sẹ́ni tó sùn. Wọ́n lu agogo ìparí ẹ̀kọ́, ẹnikẹ́ni ò dìde.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," Adétóún bẹ̀ ẹ́, "ṣé ìyá ọmọ náà rí i?"

Ìbídùn mí kanlẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ẹ̀rín àti omijé sì bọ́ pọ̀. "Kò tíì rí i, ó ṣì kù díẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa."

Bàbá Akínlabí tẹ ìwé náà lóòótọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kí ìgbéraga dí yín létí. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n kọ́ òun náà, ì báà ṣe ọmọdé ni yóò kọ́ ọ. Abèèrè kì í ṣìnà.