Ọ̀gá Ẹ-Jókòó àti Egungun Ìbàdí Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Ọ̀lẹ ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọ̀lẹ tó mọ aṣọ wọ̀. Òun ni alábòójútó ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Ọ̀gá Ẹ-Jókòó ni àwọn arúgbó ibẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ń bá wọn sọ láti àárọ̀ dalẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó fi ń yangàn ni pé ẹnikẹ́ni kì í ṣubú nílé òun. Òótọ́ sì ni. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó dìde, níbo ni yóò ti ráyè ṣubú? Tí wọ́n bá ti jẹun àárọ̀ tán, àwọn òṣìṣẹ́ á tò wọ́n sórí àga, wọn á fi tábìlì kékeré há wọn mọ́bẹ̀, wọn á sì kó ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn pa mọ́. Ọ̀gá á wá lọ sinmi làálàá.

Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn lọ bá a. "Ọ̀gá, tí wọn ò bá rìn, ẹsẹ̀ wọn á rọ, egungun wọn náà ò ní lágbára mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa dì wọ́n mú rìn."

"Àǹtí, ta ló ṣubú níbí rí?"

"Kò sẹ́ni."

"Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó."

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé ìyàwó ọ̀gá lọ sí ìrìnàjò olóṣù mẹ́ta, ó sì fi ìyá rẹ̀ sílé ìtọ́jú náà. Màmá, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, ó ń bú àwọn tó fẹ́ bá a gbé báàgì.

Ìyàwó ní, "Bàbá wọn, ẹ bá mi tọ́jú Màmá o. Bí wọ́n ṣe rìn wọlé yìí ni mo fẹ́ kí wọ́n rìn jáde."

"Fọkàn balẹ̀. Wọn ò ní ṣubú."

Kò pẹ́ tí Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Ọkọ ọmọ mi, ẹ jẹ́ n na ẹsẹ̀ díẹ̀."

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó títí, mi ò mọ ìdí mi yàtọ̀ sí tìmùtìmù mọ́."

"Ẹ ṣáà tún jókòó, Màmá."

Lọ́jọ́ tí ìyàwó dé, wọ́n gbé tábìlì kúrò níwájú Màmá. Ó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn, ó dìde. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ lu ilẹ̀. Egungun ìbàdí kán.

Ọ̀gá ní, "Kí ló wá gbé wọn dìde?"

Ìyàwó rẹ̀ ti kúnlẹ̀ ti Màmá, ó ń pariwo pé kí wọ́n pe dókítà.

Àwọn onílé ìtọ́jú lé ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màmá tán, ìyàwó gbé e wá sílé, ó sì tẹ́ ẹní ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá. Màmá kò lè dá rìn mọ́. Ọ̀gá ló ń gbé e lọ tọ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń dì í mú rìn yí àgbàlá ká bí oòrùn bá yọ, tí òógùn á bò ó.

"Màmá, ó ti tó báyìí."

"Kò tíì tó. Ẹ dì mí mú dáadáa."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìmẹ́lẹ́ kì í ṣe ìtọ́jú, bó ti wù kí ilé pa rọ́rọ́ tó. Ẹ̀yin tí àwọn àgbà wà níkàáwọ́ yín, ẹ gbá ohun ìdìgbòlù kúrò lọ́nà wọn, ẹ tan iná tó mọ́lẹ̀, ẹ fún wọn ní bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ bọ́ wọn dáadáa, kí ẹ sì dì wọ́n mú rìn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá sé àgbà mọ́ orí àga kí ara tirẹ̀ lè gbádùn, egungun àgbà náà ló ń kán díẹ̀díẹ̀, kó tó di pé ó ṣubú.