Ẹ̀rọ Tó Mọ̀ Ọ́n Kí

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló borí. Láti ọjọ́ tí Múyìwá ti ń fi tẹníìsì jẹun, ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ni wọ́n ti máa ń lé e padà sílé. Àwọn ọ̀gá tẹníìsì kì í fúnra wọn wá bá irú rẹ̀ gbá a mọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń rán. Òfin Abẹ́òkúta sì ni pé ẹ̀rọ tí kò bá mọ èèyàn kí kò gbọdọ̀ wọ pápá. Èyí tó ń bá Múyìwá gbá lónìí wá mọ̀ ọ́n kí jù. Kó tó gbá bọ́ọ̀lù, á kọ́kọ́ tẹrí ba: “Ẹ kú oòrùn o!” Múyìwá kàn ń mi orí sí i ni.

“Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?” ìyá rẹ̀ pariwo láàárín òǹwòran. “Wọ́n ń kí ẹ, ò ń mi orí bí alángbá!”

Ẹ̀rọ sọ bọ́ọ̀lù sókè. “Màmá ńkọ́?”

Múyìwá wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ló bá ju rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: “Wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń kí yín o!”

Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bọ́ sínú ìlà.

Ẹ̀rọ kọjú sí ìyá. “Màmá, ọmọ yín ní ẹ̀kọ́ ilé.”

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni ìyá dá a lóhùn. “Kò tíì tó tìẹ.”