Àká Tí Wọ́n Ń Yẹ̀ Wò Láti Ìta

Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó dá lórí àká àgbàdo àwọn ẹranko. Òkété ń ṣọ́ ọ, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kó máa wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ojú ń ti Ọ̀kẹ́rẹ́ láti máa tú ilé àgbà wò, ló bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á dárin:

“Bàbá Òkété, àgbàdo wa ńkọ́?”

“Ó pé pérépéré!”

Gbogbo ẹranko á gbè é: “Ó pé pérépéré!”

Nígbà tí ìyàn mú, wọ́n ṣílẹ̀kùn. Háríhá nìkan ló kù. Òkété ti jẹ ẹ́ tán, ó ti gba ihò ẹ̀yìn sá lọ.

Ìyá Etu gbé òkú ọmọ rẹ̀ dání. “Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé o wọlé rí?”

“Ìyá, mo ń bi wọ́n láràárọ̀. Ẹ̀yin náà sì ń gbè é.”

Wọ́n kọ́ àká mìíràn, wọ́n fi àbúrò Òkété ṣọ́ ọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró síta, ó dárin. Ìyá Etu ló kọ́kọ́ gbè é.