Ìbọn Tí À Ń Tẹjú Mọ́

Ìbọn sójà ẹnubodè kì í dún níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́rìí bá ń wò ó. Iná pupa ara rẹ̀ ló ń fi hàn pé ó ti tì. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Ládélé, tí a ti Iléṣà wá ṣe ẹlẹ́rìí àlàáfíà lókè òkun, kì í jọ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá fẹ́ ṣẹ́jú, á ní, "Gbà á," èmi á sì máa wò.

Láàárọ̀ yìí, à ń sin Bàbá Eusẹ́bíò lọ sí oko tí àwọn sójà fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, ó na ìbọn sí i.

"Gbà á," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń nu ojú.

Bàbá yíjú sí mi, ó dúpẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo tẹrí ba. Iná kú.

"Adérera, gbójú sókè!"

Mo wò ó. Iná pọ́n. Sójà náà ti tẹ ìbọn, kò dún. Bàbá ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Lọ́la," ni ẹ̀gbọ́n wí, "ẹnu nìkan ni kó o fi kí i."