Pálọ̀ Ọmọ́wùmí

Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti sọ Lomé di ìlú tí ṣọ́ọ̀bù ń tì ní ọ̀sán gangan, Ezekiel ń tún pálọ̀ rẹ̀ ṣe ní àdúgbò Kégué. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó lè ṣe. Pọ́ọ̀tù tó ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde láti ogún ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, òun náà sì ti ta àwọn àga tí wọ́n fi àrán bò, èyí tó máa ń fi yangàn fún àlejò.

Ọmọ́wùmí, àkọ́bí rẹ̀, ló ya bí pálọ̀ náà ṣe máa rí sínú ìwé rẹ̀ nígbà tó wà ní yunifásítì: tábìlì kúkúrú tí wọ́n fi pákó àpótí ẹrù kàn, ẹní lára ògiri, agbọ̀n tí wọ́n fi bo gílóòbù iná, tìmùtìmù aláwọ̀ oríṣiríṣi nílẹ̀, kí èèyàn bọ́ bàtà kó jókòó bó ṣe wù ú. Ezekiel rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ náà. “Àwa kúrò lábà, ìwọ fẹ́ gbé abà wá bá wa ní Lomé!” Ọmọ náà ní tí bàbá òun bá jókòó sínú abà yìí lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní í fẹ́ dìde mọ́.

Ní báyìí, bàbá náà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ó lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń wò ó, ó ń wọn pákó. Ó ti sọ fún Alice, ìyàwó rẹ̀, pé Ọmọ́wùmí bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá lọ sí Kútọnu lọ́jọ́ tí wọ́n yìnbọn sí èrò nínú oṣù kìíní, pé tí ìlú bá rọ̀, á wá bá pálọ̀ rẹ̀. Ṣèyí, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni wọ́n ti gbé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Sanguéra.

“Ìyá Ṣèyí, wá wò ó,” ó ní láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tó kan ẹní kẹta mọ́ ògiri tán.

Alice jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀. Ó wò ó títí.

“Bàbá Wùmí, kò dọ́gba. Ẹ tú u.”

“Àná lo ní kí n gbé e sókè.”

“Mo rò pé á dáa ni. Ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀. Ọmọ yín mọ ohun tó fẹ́, ẹ má ṣe é wúruwùru.”

Ó tú u. Ó ti tú tábìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pààrọ̀ aṣọ tìmùtìmù láti aró sí pupa, ó sì tún ti dá a padà sí aró. Obìnrin tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa ń gbà tẹ́lẹ̀, kò sí agbọ̀n tó tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ezekiel kò bínú sí i.

Lọ́sàn-án, Stephen, àbúrò Ezekiel, dé. “Bonjour, ìyàwó wa, ça va?” ó ní fún Alice, kò dúró gba ìdáhùn. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó ti ń fá pákó.

“Bọ̀ọ̀dá, ó tó gẹ́ẹ́,” ó rọra sọ. “Oṣù márùn-ún rèé. Èmi tí mo sin ọmọ náà, mi ò lè wo ojú ìyá rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ìjọ ní àwọn ń bọ̀ wá sọ fún un lọ́jọ́ Sátidé.”

Ezekiel kò gbé ojú sókè. Kò mọ ibi tí sàréè ọmọ rẹ̀ wà, kò sì bèèrè. Bàbá kì í tẹ̀ lé òkú ọmọ. Ọsibítù ló ti rí i kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ pé kó wò ó bóyá òun ni.

“Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti ga jù, pé ìròyìn òjijì lè pa á. Ọmọ ti lọ, Stephen. Ṣé kí ìyá náà tún tẹ̀ lé e ni?”

“Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ sọ ọ́?”

“Jẹ́ kí n parí pálọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó jókòó sí gbọ́ ọ.”

Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ezekiel fi etí aṣọ nu ojú, ó tún gbé ìfági.

Nígbà tí Stephen lọ tán, Alice pè é wọlé.

“Bàbá Wùmí, ẹ wá jẹun, ẹ ò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ tábìlì yẹn. Ó ń mì.”

Ó jẹun. Ó lọ wo tábìlì náà. Kò mì rárá, àmọ́ ó tún ìṣó rẹ̀ gbá.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Sátidé, kò sí ohun tó kù láti kàn. Alice yí pálọ̀ náà ká, ó ń fọwọ́ kan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹní, agbọ̀n, etí tábìlì.

“Ìyá Ṣèyí, ṣé ó dáa?”

“Ó dáa,” ó ní. “Ó dáa gan-an ni.”

Àwọn àgbà ìjọ dé ní aago mẹ́wàá, àwọn mẹ́ta àti Stephen. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sórí tìmùtìmù. Alice gbé omi fún wọn, kò sẹ́ni tó mu ún. Ezekiel dúró sẹ́nu ọ̀nà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Màmá Felicia, tó dàgbà jù nínú wọn, ti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: Ọlọ́run ló ń fúnni, Ọlọ́run ló ń gbà.

“Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu,” ni Alice wí, ó sì kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Ọdún méjìlélógún lẹ fi pè mí ní Ìyá Wùmí. Ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn yẹn, tí ẹ wá Wùmí lọ tí ẹ padà wálé, Ìyá Ṣèyí lẹ pè mí, mo sì ti mọ̀ látìgbà náà pé ọmọ mi ti kú. Iṣẹ́ yìí nìkan ló ń gbé yín dìde láàárọ̀, ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń ní kí ẹ tú u. Ó ti wá parí. Bàbá Ṣèyí, ẹ wá jókòó, ká sunkún ọmọ wa.”